Mo Kí Ọ Màríà Mẹ́wàá Kí Ìwé Tó Ṣí

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Monínúọlá ní àdúgbò Fájuyì, téèyàn bá ti tan kọ̀mpútà, àdúrà ló kàn. Kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe títí ìwé inú rẹ̀ á fi ṣí?

Ìwé kan wà nínú kọ̀mpútà náà tí kì í ṣe ìwé oníbàárà. Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínyẹlé, ló jókòó tì í lọ́dún 1997, tó ń ka orúkọ àwọn baba ńlá wọn ní ìlú Ìyìn, àti ibi tí ilẹ̀ wọn dé. Bàbá ń pè é, Monínúọlá ń tẹ̀ ẹ́. Kí Lẹ́ǹtì tó parí, bàbá kú. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan lọ̀rọ̀ náà kù sí.

Ní Jánúárì ọdún tó tẹ̀ lé e, tó bá ti ka àdúrà Mo kí ọ Màríà ẹyọ kan, ìwé ti ṣí. Ní Éépírù, ó di mẹ́ta. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì, mẹ́wàá gbáko.

"Ẹ̀rọ yìí fẹ́ sọ ẹ́ di sísítà ìjọ Àgùdà," Fọláwùnmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀rọ̀ àgbà ló gbé sínú. Ṣé o fẹ́ kí àgbà máa sáré ni?"

Ó tiẹ̀ ń da aṣọ bò ó lálaalẹ́, kó lè sinmi.

Lọ́jọ́ kan, ó ka rosárì tán pátá. Ìwé ò ṣí. Ohun tó gbọ́ ni kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo nínú páànù.

Ó ránṣẹ́ pe Bámgbóyè tó ń tún kọ̀mpútà ṣe ní Ọjà Ọba. Bámgbóyè fetí lé e.

"Àǹtí, ìgbà wo ló ti ń pẹ́?"

Monínúọlá ka Màríà rẹ̀ fún un, látorí ọ̀kan dórí mẹ́wàá. Bámgbóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ mà wọ̀n ọ́n o! Ẹ wọ̀n ọ́n ju èmi tí mo ní aago lọ. Ẹ kàn ò bi í pé kí ló ń ṣe é ni. Àwo tó ń yí nínú ẹ̀, tó ń tọ́jú ìwé, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Àtéépírù ló ti ń ké sí yín; ó ti kú tán báyìí, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ṣeé kó jáde mọ́."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ṣé ẹ dà á kọ sí dískẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tó ṣeé yọ yẹn? Ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́ sí pépà?"

 Monínúọlá ń ká aṣọ tó fi ń bo ẹ̀rọ, ó ká a, ó tún tú u, ó tún ká a.

Nígbà tó délé, ó mú ìwé àjákọ. Ó kọ orúkọ baba ńlá mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún ò wá mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀mpútà, ẹ mú ìwé kan náà, ẹ máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ kọ iye tó gbà sílẹ̀. Tó bá ti fi ìlọ́po méjì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ má bò ó láṣọ o. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sí dískẹ́ẹ̀tì méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó máa tún un ṣe. Àdúrà dáa. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé dískẹ́ẹ̀tì.