Ampilifáyà Méjì ní Iyamoye

Àárín ampilifáyà méjì ni ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, nígbà tí Priscilla kọ́kọ́ rí i. Ọ̀sán ni, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kabba, níbi tí Priscilla ti wá yá àga fún ayẹyẹ ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà. Ọkùnrin náà ta okùn gìtá pupa tó gbé kọ́rùn. Ohùn náà jáde lápá òsì, ó gba orí àwọn àga tó ṣófo kọjá, ó lọ kú lápá ọ̀tún. Priscilla dúró sójú kan. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ènìyàn kan sáré kọjá níwájú rẹ̀, tí kò sì rí i.

Ọkùnrin náà dìde, ó di máìkì mú láti sọ̀rọ̀ sí i. Bí ó ṣe fọwọ́ kàn án ni iná gbé e. Ara rẹ̀ le gan-an, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ láìsí ohùn.

Priscilla kò sáré lọ bá a. Ara ògiri ló sáré lọ, ó fa wáyà àkọ́kọ́ yọ, ó fa èkejì yọ. Ọkùnrin náà ṣubú lulẹ̀ gbì. Nígbà tó lajú, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló rí, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń gbọ̀n ju òun tí iná gbé lọ.

Ọpẹ́dayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀-Olúkòtún ni. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ló ń ṣe nítòsí ọjà, òun náà ló sì ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ náà. Ó bi Priscilla bó ṣe mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tí iná gbé. Priscilla dìde, ó sì lọ, kò tilẹ̀ rántí àga tó wá yá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọpẹ́dayọ̀ ru àwọn àga náà wá sí ilé-ìwé fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, mo wá kí ẹni tó yọ mí lọ́wọ́ ikú, tó tún sá lọ láìdágbére."

"N kò yọ yín. Wáyà ni mo yọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Priscilla náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ṣì lè rẹ́rìn-ín lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, tí ọ̀rẹ́ sì di ìfẹ́. Ọpẹ́dayọ̀ a máa wá pàdé rẹ̀ bí ilé-ìwé bá ti parí, wọn a jọ rìn lọ sílé, wọn a ra kaṣú sísun jẹ lọ́nà. Ó ṣàlàyé fún un pé jẹnẹrétọ̀ ìjọ ló ń gbé ampilifáyà kan lọ́jọ́ náà, iná ìjọba sì ń gbé èkejì, láti yàrá ẹ̀yìn. Iná méjèèjì kò bá ara wọn mu, ara òun ni wọ́n sì ti pàdé. Láti ọjọ́ náà ló ti ṣe pátákó kan tó ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀, tó sì so wáyà kan mọ́ ọn tó wọ inú ilẹ̀, kí ampilifáyà méjèèjì lè máa mu iná láti ibì kan náà.

Priscilla bi í pé kí ló dé tí ọ̀kan kò tó o.

Ọpẹ́dayọ̀ ronú díẹ̀. "Ọ̀kan á kàn máa sọ̀rọ̀ ni, olólùfẹ́ mi. Méjì á máa dá ara wọn lóhùn."

Ọjọ́ yẹn ni Priscilla sọ ti Isaiah fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá wọn bí. Nínú ìsìn ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iyamoye, Isaiah ń ta gìtá, ó sì ń kọrin. Ó sọ fún wọn pé máìkì náà ń ta òun lẹ́nu. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó ṣe bí ọkùnrin. Nínú orin tó tẹ̀ lé e ni iná gbé e, kò sì dìde mọ́. Priscilla sáré lọ láti dì í mú, àwọn obìnrin ló wọ́ ọ sẹ́yìn, kí iná má baà gbé òun náà. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, àyà rẹ̀ á máa já.

Ẹ̀rù yìí kò fi í sílẹ̀ nítorí pé ó rí ẹni tó fẹ́ràn. Ńṣe ló pọ̀ sí i, nítorí ó tún ti ní ẹni tí ikú lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tí Ọpẹ́dayọ̀ bá fẹ́ ta gìtá, ẹ̀bá ògiri ni Priscilla máa ń jókòó sí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wáyà. Ọpẹ́dayọ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ń wo òun, àfi àyànfẹ́ òun tó ń wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sì sọ fún un rí pé kí ó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ rí bàbá rẹ̀ ní Iyamoye, Bámigbóyè gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ní oko kofí ńlá. Ọpẹ́dayọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó kí i ní ìkíni ilẹ̀ wọn pé, "Okun o, Bàbá." Ọ̀rọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́ títí bàbá fi bèèrè ohun tó máa ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Ọpẹ́dayọ̀ kò parọ́.

Bámigbóyè gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti fi ọmọ kan fún gìtá. N kò ní òmíràn tí n óò fún un."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Kabba, Ọpẹ́dayọ̀ ní òun á gbé gìtá náà tà fún ẹlòmíràn. Priscilla kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ọkọ tí yóò máa wo òun bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí ìkórè tún dé, ìjọ Iyamoye ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ akọrin Kabba. Láti ìgbà ikú Isaiah, wọn kò ta gìtá níbẹ̀ mọ́. Pásítọ̀ tuntun ló ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bámigbóyè wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀bá ògiri ni Priscilla wà.

Ọpẹ́dayọ̀ ti fi ampilifáyà méjèèjì àti pátákó rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ẹgbẹ́ akọrin tó dé ni alága ètò ti ní kí wọ́n gbé ampilifáyà ọ̀tún jìnnà, kí ohùn lè dé ìta. Wáyà rẹ̀ kò gùn dé ibi pátákó tí jẹnẹrétọ̀ ń fún ní iná mọ́, alága sì fa iná wá láti ilé aládùúgbò. Ọpẹ́dayọ̀ kò mọ̀. Ó gbé gìtá kọ́rùn, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí máìkì díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe báyìí láti dán iná wò. Nǹkan kan ta á.

Ó tọ wáyà ampilifáyà ọ̀tún lọ dé ojú fèrèsé, ó rí i pé ìta ló ti ń mu iná. Ó padà wá, ó bọ́ gìtá sílẹ̀, ó sì ní òun kò ní ta á, àfi bí wọ́n bá gbé ampilifáyà náà padà sórí pátákó òun.

Alága ní àlejò ti jókòó, kí ó ṣáà rọra ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan pariwo láti àárín pé ojo ni.

Ọpẹ́dayọ̀ kọjú sí wọn. "Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń bà mí," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bà mí. N kò ní ta á."

Ìgbà náà ni Priscilla rí bàbá rẹ̀ tó dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó rò pé bàbá fẹ́ jáde ni. Ṣùgbọ́n iwájú ni bàbá ń bọ̀, láìwo ẹnikẹ́ni. Ó dé ibi tí ampilifáyà náà wà, ó fa wáyà rẹ̀ yọ fúnra rẹ̀, ó sì di ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mú.

Ó sọ fún Ọpẹ́dayọ̀ pé, "Gbé ìhà tìrẹ."

Àwọn méjèèjì gbé e lọ síbi pátákó. Ọpẹ́dayọ̀ tún na ẹ̀yìn ọwọ́ sí máìkì, kò ta á mọ́. Ó ta gìtá lọ́jọ́ náà, ohùn náà sì ń lọ, ó ń bọ̀, láti òsì dé ọ̀tún. Bámigbóyè dúró nídìí pátákó títí orin fi parí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Lẹ́yìn ìsìn, ó pe Ọpẹ́dayọ̀ àti Priscilla sílé.

"Isaiah sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Òun náà sì gbà fún wọn, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo." Ó wo Ọpẹ́dayọ̀. "Ìwọ ò gbà fún wọn. Lọ pe àwọn ènìyàn rẹ wá."

Wọ́n wá láti Ifẹ̀-Olúkòtún lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Kabba ni wọ́n sì ti ṣe ìgbéyàwó náà. Bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó wọlé, Priscilla sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí pé ẹ̀rù ṣì ń ba òun, kì í ṣe ti iná nìkan. Ọpẹ́dayọ̀ ní ó ń ba òun náà. Ọwọ́ wọn méjèèjì tutù bí omi kànga, wọ́n sì di ara wọn mú ṣinṣin wọlé.