Odò Kọ́ Ló Pa Bàbá Wọn

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bíríkìlà kan gbé páànù símẹ́ńtì karí, ó ń gun àkàbà, ó sì ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń wọ́ bí ìgbín yìí, ọmọ-ọmọ onílé ni yóò kọ́kọ́ sùn nínú ilé náà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tó fi ṣubú. Kò kọsẹ̀, kò pariwo. Ó kàn wó lulẹ̀ gbì, bí àpò símẹ́ńtì tó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀ ti lajú, ṣùgbọ́n ojú dókítà kò tú ká.

"Mà, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kò dáa rárá. Irú èyí máa ń rìn nínú ẹbí. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti kú lójijì, láìtíì darúgbó?"

"Rárá o, Dókítà. Odò ló gbé bàbá wa lọ. Àbúrò wọn ọkùnrin, alùpùpù ló pa á. Ìjàǹbá lásán ni."

"Ṣé bàbá yín kò lè lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Aránṣọ fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ. Apẹja ni bàbá wọn.

"Ẹ lọ wádìí," ni dókítà wí. "Ọjọ́ orí tí kálukú fi kú, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, nítorí ó lè tún ṣubú kó má dìde."

Kíá ni aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, lórí fóònù.

"Kí lo fẹ́ fi òkú ṣe?" ni Ìyá Àgbà fi dá a lóhùn. "Jẹ́ kí wọ́n sinmi, jàre." Ló bá gé ìpè náà.

Ó gba ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀ lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Orúkọ àti ọdún, mà. Láìsí ọdún, gbogbo ìwé tó kún yàrá yìí ni n ó ṣí." Ojú tì í: kò mọ ọdún tí àbúrò bàbá rẹ̀ kú. Ó sáré lọ sí itẹ́ òkú, ó ha ìdọ̀tí ojú òkúta ibojì rẹ̀, ó ya ọjọ́ ibẹ̀ sínú fóònù, ó sì padà. Ìwé fi hàn pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà nígbà tó kú. Akọ̀wé wá júwe ilé ìkàwé ìlú fún un, níbi tí wọ́n ti fi ìkànnì kan hàn án tí wọ́n kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ó tẹ orúkọ àti ọdún náà. Ó kà á níbẹ̀ pé ọ̀nà tó gún régé ni, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú. Ẹni tó rí i ní ó ti dojú bolẹ̀ lórí alùpùpù kí alùpùpù náà tó yà sí kòtò.

Ó tẹ ojú ìwé náà jáde, ó gbé e lọ bá Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀mí àbúrò mi ń bẹ lọ́wọ́ yín. Kí ló pa bàbá wa?"

Arúgbó náà ká ìwé ọ̀hún pọ̀. "Odò kọ́," ló wí. "Inú ọkọ̀ ló ti ṣubú kó tó kan omi. Bàbá tó bí wa náà ńkọ́? Ẹ̀bá ààrò ló ṣubú sí, ó ń dáná lọ́wọ́. A gbà pé ká má sọ, kí wọ́n má baà sọ pé àrùn wà nínú ẹbí wa, kí ẹ̀yin obìnrin lè rọ́kọ fẹ́." Ó nu ojú. "Ẹnìkan ṣì kù. Àbúrò mi tó gun alùpùpù yẹn bí ọmọkùnrin kan. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ, a ò gbúròó wọn mọ́."

Aránṣọ wá ọmọ náà lórí ìkànnì tí àwọn èèyàn ń to ìdílé wọn sí. Ó rí orúkọ mẹ́ta tó jọra. Kò kánjú, ó fi ọjọ́ ikú bàbá ọmọ náà tó wà lára òkúta ibojì ṣe òṣùwọ̀n, méjì bọ́ dànù, ọ̀kan ṣoṣo bá a mu. Kò gbé ọ̀rọ̀ àìsàn síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ìkọ̀kọ̀ ló kọ ọ́ sí: "Ẹ̀jẹ̀ kan ni wá. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ wò."

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé. "Ìyàwó ẹni tí ẹ kọ̀wé sí ni mí. Ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ṣubú sí. A sin ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó bí ọmọ méjì sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe fún wọn?"

Nígbà tí aránṣọ kà á fún Ìyá Àgbà, igbe tí màmá náà ké, ará ilé kejì gbọ́ ọ. "Ẹnu mi ni! Ẹnu tí mo pa dé ló pa á!"

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọkàn sábẹ́ awọ àyà bíríkìlà báyìí. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lè gun àkàbà mọ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ míì ní ọmọ ogójì ọdún. Àyẹ̀wò bá àìsàn náà lára ọmọbìnrin aránṣọ, ó sì ti ń lo oògùn. Àwọn ọmọ opó náà ṣì ń retí èsì tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àgbà wo ló kù nínú ẹbí yín? Ẹ lọ jókòó tì í kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ kọ ọdún, ẹ kọ ohun tó pa kálukú. Ẹ má gba ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì wí gbọ́ láìfi wé ìwé àti òkúta. Bí ikú ẹni méjì bá sì jọra, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e tọ dókítà lọ, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan, títí kan ẹni tí ẹ ò tíì fojú kàn rí.