Ìbéèrè Tí Mofẹ́olúwa Kò Béèrè

Husain fa okùn ẹ̀rọ pupa náà lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ bú ramúramù, páànù orí ṣọ́ọ̀bù sì ń gbọ̀n. Èéfín dúdú gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mofẹ́olúwa fi ọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ tó báyìí, igi wo ni kò ní lè fà?

"Wínṣì rèé!" Husain pariwo. "Kùtọ̀nù ló ti wọlé. Bí ẹ bá so wáyà rẹ̀ mọ́ baálẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, á fà á jáde láàfin tòun tàga!"

Toheebat, àbúrò Husain, bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí. Kíláàsì kan náà lòun àti Mofẹ́olúwa wà kí wọ́n tó jọ kọ ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà, Mofẹ́olúwa ló ń ṣe ipò kìíní, Toheebat ló ń tẹ̀ lé e. Kò sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú Toheebat.

Ògúnníyì, bàbá Mofẹ́olúwa, ni olórí àwọn tó ń fa gẹdú ní Igbógilà. Okùn àti èjìká ni wọ́n fi ń fa ìtì igi láti inú igbó títí dé ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń gbé e. Iṣẹ́ náà ti ba ìbàdí Ògúnníyì jẹ́, wọn kò lè dìde lórí àga mọ́ láìdi nǹkan mú. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi dá àjọ kí wọ́n tó lè ra ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rà á, Ògúnníyì pe Mofẹ́olúwa.

"Àwa ò kàwé," wọ́n ní. "Ìwọ lojú wa. Kí Caleb ẹ̀gbọ́n rẹ sìn ọ́ dé Ìlaròó. Èyí tí o bá ní ó dára, òun náà la ó rà."

Bàbá Abọ́dúnrìn, tó dàgbà jù nínú wọn, kò dákẹ́ síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Abọ́dúnrìn ti ń há igi. Bí àwọn tó kù bá ń fa igi gun òkè, Bàbá á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn á sì máa ki ìhá, ìyẹn ègé igi líle kúkúrú kan, sábẹ́ rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kí igi má baà yí padà bó bá rẹ àwọn tó ń fà á.

"Ọmọ mi," Bàbá Abọ́dúnrìn ní, "ohun kan péré ni kí o bá mi béèrè. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, tí igi ṣì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ni yóò di igi náà mú? Má gba àlàyé ẹnu o. Jẹ́ kí wọ́n fi hàn ọ́."

Ẹ̀rọ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Husain. Ìkejì tó ní àwọ̀ eérú kéré ju pupa lọ, irin gígùn kan sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Caleb ti lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù wọn, Mofẹ́olúwa nìkan ló kù, tòun tìwé ẹ̀rọ pupa tí Husain fi lé e lọ́wọ́. Ó rántí iṣẹ́ tí àgbà rán an.

"Ẹ̀gbọ́n Husain, bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí igi..."

"Ẹ gbà mí o!" Toheebat já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ̀rọ tí ẹ ò tíì rà, o ti ń pa á! Ìbéèrè àwọn bàbá oko nìyẹn. Ọmọwé, ṣebí ìwé rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn? Kà á, kí o sọ fún wa. Àbí Faransé ti ju agbára ẹ lọ?"

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ojú ti Mofẹ́olúwa. Yàtọ̀ sí ìkíni tí àwọn oníṣòwò ẹnubodè fi ń ki ara wọn, kò gbọ́ ẹyọ Faransé kan. Ó gbé ìwé náà sókè, ó ń mi orí bí ẹni tó ń kà á délẹ̀.

"Ta ló sọ pé n kò lè kà á? Mo ti rí i. Ibí yìí ló wà."

Husain wò ó. Ọlọ́jà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe onírẹ́jẹ. "Bó o bá fẹ́ kí n ṣàlàyé, àbúrò mi, ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Eléérú yìí, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ló ń..."

"Ẹ má yọra yín lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n. Pupa la fẹ́."

Bí wọ́n ṣe ra pupa nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n délé, tọmọdé tàgbà ló jáde wá wo ẹ̀rọ. Bàbá Abọ́dúnrìn yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń fọwọ́ wá nǹkan lára rẹ̀ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja.

"Mofẹ́olúwa, níbo ni ohun tó ń di igi mú wà?"

Àyè ṣì wà fún un láti sọ pé òun kò béèrè. Ìlaròó kò jìnnà, Husain kò sì sá lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo agbo ń wò ó, bàbá rẹ̀ ń fi í yangàn fún àwọn aládùúgbò. Báwo ni yóò ṣe la ẹnu wí i?

"Inú ló wà, Bàbá. Mo béèrè. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé."

Bàbá Abọ́dúnrìn mí kanlẹ̀. "Bó bá ti wà nínú ìwé, ó parí. Ọmọ tó kàwé yàtọ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Mofẹ́olúwa kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé oúnjẹ lọ fún wọn nínú igbó. Ìtì tíìkì ńlá kan ni wọ́n fẹ́ fà láti etí odò gun òkè. Caleb wà lókè nídìí ẹ̀rọ, wáyà ti le tantan. Bàbá Abọ́dúnrìn ti mú ìhá dání, wọ́n ń lọ sẹ́yìn igi bí ìṣe wọn.

"Ẹ ju nǹkan yẹn sílẹ̀, Bàbá!" Ògúnníyì fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ̀rọ tó ń di igi mú fúnra rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìhá ṣe? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi lẹ́ẹ̀kan láyé yín."

Bàbá Abọ́dúnrìn wo Mofẹ́olúwa. "Ó dá ọ lójú?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ju ìhá sínú koríko. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò tètè gbàgbé ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́. Bí igi ti gbéra, Bàbá Abọ́dúnrìn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo.

Igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè nígbà tí ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Caleb kígbe. Wáyà ń tú sílẹ̀ fààà. Igi yí padà wá sísàlẹ̀. Bàbá Abọ́dúnrìn nawọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú ìhá, kò sí ìhá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara bọ́, ẹsẹ̀ kan kò bọ́.

Igbe tí Mofẹ́olúwa gbọ́ lọ́jọ́ náà, kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Ní ilé ìwòsàn, òkè orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Gbogbo Igbógilà ń bú Husain pé ó tan ọmọdé jẹ. Caleb tilẹ̀ ti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ.

"Lọ́la la máa lọ bá a ní Ìlaròó," Caleb ní. "Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ò ní pé méjì mọ́."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí àwọn Caleb tó gbéra, Mofẹ́olúwa lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá Abọ́dúnrìn, ó kúnlẹ̀.

"Husain kò jẹ̀bi. N kò béèrè. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún mi, mo ní kó dákẹ́. Faransé ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, n kò sì lè kà á. Ojú ló tì mí."

Ògúnníyì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n di etí ibùsùn mú, wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ kí wọ́n lè dá Caleb dúró. Ó ku òun àti Bàbá Abọ́dúnrìn.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Ká ní o sọ pé o ò béèrè ni," Bàbá náà ní, "à bá fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ì bá sì máa há igi mi lọ. Kò sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́ ló gé mi lẹ́sẹ̀, Mofẹ́olúwa. Mo gbà ọ́ gbọ́ ni." Wọ́n yíjú sí ògiri. "N kò tíì dárí jì ọ́. Bí mo bá sọ pé mo ti dárí jì ọ́, irọ́ lèmi náà ń pa yẹn."

Èsì ìdánwò jáde lóṣù kejì. Mofẹ́olúwa yege nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a yọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò yọ̀. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń pọnmi lọ sílé Bàbá Abọ́dúnrìn. Wọ́n ń jẹ́ ìkíni rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú. Ó kù síbì kan tí wọn kò sọ: nígbà mìíràn, ojú ẹlòmíràn ló ń pọ́n. Ẹni tó bá sọ pé "n kò mọ̀" á tijú fún ìṣẹ́jú kan, wọn á sì kọ́ ọ. Ẹni tó bá ṣe bí ẹni tó mọ̀, tí àwọn èèyàn sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, kò mọ ẹni tí yóò san gbèsè irọ́ náà fún òun.