Láàbù Ọjọ́ Kan

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn wọ inú ọgbà ilé-ìwé náà ní ìlú Oǹdó. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó maikirosíkóòpù, ìgò àyẹ̀wò àti àga tuntun wọ yàrá tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń pè ní láàbù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ju àwọn tábìlì tí ikán ti jẹ lẹ́sẹ̀.

Moyinolúwa, ọmọ kíláàsì SS2 tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Sà, ṣé tiwa ni gbogbo èyí?" ó bi ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè.

Ọ̀gá kò wo ojú rẹ̀. "Fún òní nìkan ni. Ọ̀gbẹ́ni Rufus ló yá wọn wá."

Ọ̀gbẹ́ni Rufus ni agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé iṣẹ́ láàbù náà fún. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti yọ owó rẹ̀ sílẹ̀ láti èṣí, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí ó fi kun ògiri níta nìkan ni ojú rí. Lọ́jọ́ yìí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, wọ́n fẹ́ wò ó bóyá owó náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ yọ ọ́.

"Ìwọ ni wọn yóò bi léèrè," ni ọ̀gá wí. "Sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo gba ìyá rẹ síṣẹ́ níbí, Moyin. Má jẹ́ kí n kábàámọ̀ rẹ̀."

Ìyá Moyinolúwa, Ìyáàfin Monílọ́lá, ń kọ́ni ní ìṣirò nílé-ìwé náà. Kì í ṣe ìjọba ló gbà á. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló ń san owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá sì lè ní kó máa lọ nígbàkigbà. Bàbá Moyinolúwa ti kú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí, iṣẹ́ yẹn ni ìyá àti ọmọ fi ń rí gààrí mu.

Nígbà tí àwọn aṣòfin dé, Ọnọ́rébù Leah Akínlolú ló ṣáájú wọn. Obìnrin tó ti fi ìgbà kan rí ṣe tíṣà ní Ìjàrẹ́ ni. Ó yí láàbù náà ká, ó sì rẹ́rìn-ín sí Moyinolúwa.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

Moyinolúwa yíjú wo ọ̀gá kí ó tó dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni."

"Inú mi dùn o. A ó kọ ọ́ sínú àbọ̀ wa pé iṣẹ́ ti parí níbí. Ó ku kí á wá owó fún àwọn tí kò ní."

Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún Moyinolúwa lọ́kàn. Iṣẹ́ ti parí! Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún rántí wọn? Àwọn ọmọ kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa ya àwòrán ohun tí wọn kò rí rí. Ó wo ìyá rẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́. Àwọn aṣòfin ti wọ ọkọ̀, wọ́n ti ń lọ. Kí ó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Irọ́ ni mo pa fún yín. Wọ́n yá wọn ni. Tí ẹ bá ti lọ, wọ́n á wá kó wọn padà."

Ọnọ́rébù kò pariwo. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ó pe ọ̀gá ilé-ìwé kó wá jókòó ti òun lábẹ́ igi máńgòrò, kó sì gbé fóònù rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn méjèèjì, kó má baà ta Ọ̀gbẹ́ni Rufus lólobó. Àwọn olùkọ́ ní iyán ti wà nílẹ̀ fún un. Ó ní bọ̀ọ̀lì tó òun.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin kùn. "Ọnọ́rébù, ilé-ìwé mìíràn ń retí wa."

"Bí a kò bá rí òótọ́ ibí, kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀?" ó dáhùn, ó sì ń bó bọ̀ọ̀lì rẹ̀ lọ.

Ó jókòó títí oòrùn fi yí. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ akẹ́rù náà wọlé. Àwọn ọkùnrin náà ti gbé àga jáde kí wọ́n tó rí Ọnọ́rébù.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Ta ló ni ẹrù yìí?"

"Ilé-ìwé aládàáni kan ni, mà," ni ọ̀kan dáhùn láìfura. "Ọ̀gá Rufus ní kí á tètè dá a padà."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀gá ilé-ìwé ti ní kí Ìyáàfin Monílọ́lá máa jókòó sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ Moyinolúwa ń yẹra fún un, wọ́n ní ó ti ba orúkọ ilé-ìwé jẹ́. Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ìyá rẹ̀ fi ìborùn nu ojú rẹ̀. "Ṣé torí pé mo bí ọ ni kí n máa fi irọ́ bọ́ ọ? Jẹun, jàre. A ó rí ọ̀nà gbé e gbà."

Kò pẹ́ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ránṣẹ́ pe gbogbo wọn sí ìjókòó ìwádìí ní Àkúrẹ́. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n jókòó sí, Ọ̀gbẹ́ni Rufus ní ọmọdé lásán ni Moyinolúwa, pé wọ́n kọ́ ọ lọ́rọ̀ ni. Aṣòfin kan bi Moyinolúwa pé, "Kí ló dé tí o kọ́kọ́ parọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ màmá mi. Ó sì ti bọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kò yí padà."

Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè dìde lẹ́yìn. "Ọmọ yìí ò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ yẹn."

Ilé pàṣẹ pé kí Ọ̀gbẹ́ni Rufus parí iṣẹ́ náà tàbí kó dá owó ìlú padà. Ọnọ́rébù Leah kò fi mọ síbẹ̀. Ó ń yọ sí ilé-ìwé náà láìkéde títí wọ́n fi kó ohun èlò tòótọ́ wọlé. Wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè kúrò. Iṣẹ́ Ìyáàfin Monílọ́lá kò tètè padà o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò, àwọn ọjọ́ mìíràn sì wà tí tìyá-tọmọ mu omi sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, àwọn òbí fúnra wọn ló ní kó pè é padà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, aṣòfin lè rin ìrìn àjò láti Àkúrẹ́ wá ṣọ́ owó ẹ̀kọ́ yín, ṣùgbọ́n irọ́ ẹnu yín lè dá a padà lọ́wọ́ òfo. Moyinolúwa ṣàṣìṣe, ó sì tún un ṣe nígbà tí kò rọrùn. Ẹni tó bá ti parọ́ kò gbọdọ̀ torí ìtìjú dúró sínú irọ́: kó sáré tẹ̀lé òtítọ́ kí ọkọ̀ tó lọ.