Kọ́mpírẹ́sọ̀ Olóòótọ́

Kọ́mpírẹ́sọ̀ tuntun náà, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn fín ọ̀dà, wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu omi sára àwòṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré tí Àǹtí Ọlọ́kọ̀ ti fi oṣù mẹ́rin kàn, ọ̀dà funfun sì ṣàn láti orí ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé iṣẹ́ tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ ń retí rẹ̀. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá wù wọ́n, ó dàárọ̀.

Kò sunkún. Ó tú ìdí táńkì. Iyanrìn ló wà níbi tó yẹ kí atẹ́gùn wà, pọ́ńpù kékeré tí wọ́n ń lò fún ẹja inú gíláàsì ló sì ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóòótọ́ ni ọkùnrin tó tà á ń pe ara rẹ̀. Òun ló ní, "Àǹtí, ẹ gbé e wò. Ṣé ayédèrú lè wúwo báyìí?"

Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́pàá.

"Ìyàwó wa," ni ìyẹn wí, "ọkùnrin yẹn á ní bí wọ́n ṣe dì í wá lòun ṣe tà á. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ojú ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá wọ aṣọ ilé, àwọn méjèèjì sì wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Olóòótọ́ ò dá obìnrin náà mọ̀. Ta ló ráyè rántí ojú gbogbo ẹni tó ti lù ní jìbìtì?

"Bàálù kéékèèké ni mò ń kùn," ni ọlọ́pàá pa nírọ́. "Èwo ni kí n rà?"

"Ọ̀gá mi, aláwọ̀ wúrà yìí ni. Òkè òkun ló ti dé, ọwọ́ ọmọ aráyé ò tíì kàn án."

Bó ṣe na ọwọ́ sí i, Àǹtí Ọlọ́kọ̀ rí èékánná àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Ó ń dán bíi wúrà. Orí èékánná yẹn ni gbogbo ẹni tó ń fín ọ̀dà ti máa ń dán gègé ìfín-ọ̀dà wò kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ti Àǹtí Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ funfun láti àná.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló kun èékánná yín?"

"Ìyàwó mi ló ń bá mi ṣeré."

"Àwọ̀ táńkì yìí gan-an ló fi ń ṣeré?"

Ọlọ́pàá yọ káàdì rẹ̀. Olóòótọ́ fò wọ yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ti fi páálí ọjà rẹ̀ dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí dé àjà.

"Ọjà ni mo fẹ́ kà," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Máa kà á. À ń gbọ́."

Àpò iyanrìn wà níbẹ̀, pọ́ńpù ẹja wà níbẹ̀, ọ̀dà wúrà sì wà níbẹ̀. Lórí tábìlì, kọ́mpírẹ́sọ̀ gidi kan jókòó pẹ̀lú gègé ìfín-ọ̀dà tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó jẹ́wọ́ pé ènìyàn mọ́kàndínlógún lòun ti ta irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n kó owó jáde ní ilé rẹ̀, kálukú gba tirẹ̀. Alákéèkì kan tó fi tirẹ̀ ń fín àwọ̀ sára kéèkì, tó ti rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa jókòó sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èwo lò ń lò fún ara rẹ?" ni Àǹtí Ọlọ́kọ̀ bi í.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. "Èyí tó ní táńkì tòótọ́, tó ń dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bó bá kún, tó sì ní ife tó ń gba omi kúrò nínú atẹ́gùn. Kí ihò gègé tín-ín-rín. Ẹ má gba ayédèrú o, àǹtí. Oníjìbìtì pọ̀ níta."

Ọlọ́pàá yíjú sí ògiri. Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ ra bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbòmíràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ha ọ̀dà tó ṣàn kúrò, ó tún ọkọ̀ náà kùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.