Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àbẹ̀kẹ́

"Ẹ gbé jígí yẹn lọ fún ìyá Sikirat," ni ìyá Moríyọ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ ni jígí ńlá tí Moríyọ̀ ti ń wojú nínú rẹ̀ láti kékeré ṣe gba ẹnu ọ̀nà jáde, tó di ti aládùúgbò.

Moríyọ̀ dúró ti ògiri, ó di àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Inú ń bí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrù wọn fún ẹni ẹlẹ́ni. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúdáìsí, akọ̀wé réluwé ní Enugu, ti fẹ̀yìn tì, ilé ìjọba tí wọ́n ń gbé sì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Yàrá méjì péré lapá bàbá ká ní àdúgbò Asata. Ẹrù ilé ńlá kò sì ṣeé kì mọ́ inú yàrá méjì. Bí ẹrù kò bá dín, ènìyàn ni yóò sùn níta. Àga lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀dì lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, àwọn ìkòkò ńlá ń dúró de ọkọ̀.

Gbogbo èyí kò dun Moríyọ̀ tó ọ̀rọ̀ Sikirat. Ọmọ káfíńtà réluwé ni Sikirat, ará Ọ̀fà ni wọ́n, ilé wọn sì fara kan tiwọn. Ẹgbẹ́ ni àwọn ọmọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí Sikirat bá wọlé, á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ẹrù kíkó. Ọlọ́run á jẹ́ ká fẹsẹ̀ ire wọ ilé tuntun." Ìyá Moríyọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ!"

Ní ti Moríyọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ bí ẹní mowó. Bàbá rẹ̀ ló ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa sọ nílé, kí ọmọ lè mókè nílé ìwé. Ó mókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kí àgbàlagbà, ńṣe ló ń dà bí ẹni tó gbé omi gbígbóná sẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá a ra òwú bọ̀ láti ọjà Ogbete, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi ra owú." Sikirat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Moríyọ̀ kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Ó jowú Sikirat nítorí ahọ́n rẹ̀, ó jowú rẹ̀ nítorí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ní báyìí, jígí tún ti kún un.

Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú ilé náà tí ọkàn rẹ̀ fà sí: ẹ̀rọ ìránṣọ àfọwọ́yí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ló gbé e wá láti Ogbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wá wẹ ọmọ, ìyẹn nígbà tí wọ́n bí Moríyọ̀. Ó fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà lọ, Moríyọ̀ kò sì tíì gbọ́n nígbà náà. Màmá àgbà kò tún wá sí Enugu mọ́ títí ó fi kú. Orí ẹ̀rọ yẹn ni Moríyọ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ó ti pinnu pé aránṣọ lòun yóò ṣe, gbogbo Enugu ni yóò sì mọ orúkọ òun.

Bó ti ń sún mọ́ pálọ̀, ó gbọ́ ohùn àlejò. Ìyá Alárápé ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ni Moríyọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó ti bá ọkọ̀ ojú irin dé nígbà tí ọmọ wà nílé ìwé.

"Ìyàwó," ni Ìyá Alárápé ń wí, "fi gbogbo ẹrù tọrẹ bó o bá fẹ́, n kò ní í bá ọ jà. Ṣùgbọ́n maṣíìnì yẹn, ti Àbẹ̀kẹ́ ni o. Ìyá wa ti fi fún un kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni ìyá Moríyọ̀ dáhùn. "Ti Àbẹ̀kẹ́ ni. Òní gan-an la ó fà á lé e lọ́wọ́."

Moríyọ̀ fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ta ni kò mọ Àbẹ̀kẹ́ ládùúgbò yẹn? Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú ni ìyá Sikirat á ti máa ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Àbẹ̀kẹ́ o! Wá jẹun!" Sikirat á sì jẹ́ ẹ, á fò dìde.

Sikirat náà tún ni! Moríyọ̀ kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bí màmá àgbà tó kú sí Ogbómọ̀ṣọ́ ṣe mọ ọmọ káfíńtà ará Ọ̀fà. Owú kì í béèrè ọ̀rọ̀ kó tó bínú.

Níta, ọkọ̀ akẹ́rù láti ilé àwọn ọmọ aláìníyàá kan ní Emene ti dé, awakọ̀ ń to ìkòkò àti abọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Moríyọ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tòun ti àpótí rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn yọ. Ẹ̀rọ náà wúwo, ṣùgbọ́n owú fún un lágbára.

"My pikin, dis one sef dey go?" ni awakọ̀ bi í.

"E dey go," ni Moríyọ̀ wí. "Na my papa talk am."

Irọ́ gbuu! Ọkọ̀ ṣí, eruku sọ, ó lọ. Moríyọ̀ nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. "Bí kò bá lè jẹ́ tèmi," ó wí nínú ara rẹ̀, "Sikirat náà kò ní í fojú kàn án." Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó yó. Ó wọ pálọ̀ lọ kí àlejò.

Ìyá Alárápé na apá méjèèjì. "Àbẹ̀kẹ́ mi! Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Olúdáìsí! Wá, jẹ́ kí n dì mọ́ ọ!"

Moríyọ̀ wo ẹ̀yìn, ó rò pé Sikirat ló tẹ̀ lé òun wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni.

"Ta lẹ ń pè, mà?"

"Ìwọ ni! Oríkì tí ìyá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ nìyẹn. Àbí wọn kì í pè ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí?"

Ìyá Moríyọ̀ wolẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá wọn ní ká máa sọ, mà."

"Ṣùgbọ́n… Sikirat ni Àbẹ̀kẹ́," ni Moríyọ̀ kólòlò.

"Kí ó máa jẹ́ ẹ lọ. Oríkì kì í ṣe fìlà tó jẹ́ pé orí kan ṣoṣo ló lè dé e. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí a bẹ̀ kí á tó rí i kẹ́. Ó yá, lọ gbé maṣíìnì rẹ wá, kí n fà á lé ọ lọ́wọ́ bí ìyá mi ti wí."

Moríyọ̀ bú sẹ́kún, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Pígín jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Sátidé, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Emene. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà. Ọmọbìnrin kan jókòó tì í, ó ń rán ẹ̀wù àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn yòókù sì rọ̀gbà yí i ká. Obìnrin àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilé náà di ọwọ́ bàbá mú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì wí pé, "Ọ̀gbẹ́ni Olúdáìsí, ó pẹ́ tí a ti ń gbàdúrà fún irú ẹ̀rọ yìí. Ọlọ́run á san án fún yín."

Bàbá yíjú kúrò lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo fi tọrẹ," ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́, ní Yorùbá. "Ìwọ ni kí o sọ ohun tí o torí rẹ̀ wá."

Ọmọdé kan dúró níwájú ẹ̀rọ, ẹ̀wù tí wọ́n ń rán fún un kò ní ju apá kan lọ, ó ń retí èkejì. Moríyọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí láti ilé láti fi gba ẹ̀rọ náà padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí, omi lé ròrò sójú rẹ̀, "ṣé mo lè máa wá ní Sátidé, kí n máa bá wọn rán an?"

Nígbà tí wọ́n padà délé, ó lọ bá Sikirat ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, tòun ti ẹ̀rín ọjọ́ tó pe òwú ní owú. Sikirat ya ẹnu. "Èmi? Èmi tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́! Jígí yín gan-an, ìyá mi ní ká wé e láṣọ, ká bá yín tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ilé yín á tún gbòòrò." Ojú ti Moríyọ̀ ju bí ojú ti ń ti ènìyàn lọ.

Ìyá Alárápé gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. "Àbẹ̀kẹ́," ó wí, "òwú la fi ń rán aṣọ, owú la fi ń fà á ya. Má tún ṣi wọ́n pè mọ́."

Kò tún ṣi wọ́n pè mọ́. Ọ̀pọ̀ Sátidé ló fi jókòó ní Emene, tó ń dúró kó tó kàn án lórí ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó jí i gbé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, owú kì í jẹ́ kí ènìyàn dá ohun ìní ara rẹ̀ mọ̀, kódà bí wọ́n bá ń pè é lórúkọ mọ́ ọn.

Moríyọ̀ ti di àgbà aránṣọ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ké "Àbẹ̀kẹ́!" níbikíbi, á kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ná, kó tó wo ẹ̀yìn.