Gbólóhùn Tí Màmá Mi Kò Tì

Bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Omi ń ro lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀.

Màmá mi ló ń kọ́ àwọn àgbà ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì nínú pálọ̀ wa. Gbólóhùn ohun tó ti kọjá kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó máa ń ṣọ́ra fún ni gbólóhùn àfinúrò, irú èyí tí a fi ń sọ pé ká ní báyìí ni, báyìí ni ì bá rí. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá sọ ọ́, lédè yòówù kó jẹ́, gbọ́dọ̀ fi "kò rí bẹ́ẹ̀" tì í.

"Ilẹ̀kùn ni," ni màmá mi máa ń wí. "Ẹni tó bá ṣí i ni yóò tì í."

Télọ̀ tó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ká ní mo ga ni, gbogbo omidan àdúgbò yìí ni ì bá máa wá mi kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀, Tíṣà."

"Ká ní o ga ni, ẹnu rẹ ì bá ṣì lé wọn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Màmá mi wá kọjú sí fèrèsé, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ká ní ọkọ mi kò wọ ọkọ̀ ojú omi yẹn ni, ì bá ti máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà báyìí."

Ikọ́ gbà á lẹ́nu. Ó mu omi, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Kò tì í.

Ìgbà tí mo sin télọ̀ jáde ni mo rí bàtà náà. Nígbà tí mo padà wọlé, bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, orí rẹ̀ tutù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì nínú ife Kékeré, àbúrò mi.

"Akọ̀wé mi," ló pè mí. Kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti rì sómi. Màmá mi fara tì í, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú omidan. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

Mo yíjú láti pe àbúrò mi wá wò ó. Èmi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì gíga àwa méjèèjì sára férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tí ojú mi kan ibẹ̀, tèmi nìkan ló kù.

"Mọ́mì, Kékeré dà?"

"Kékeré wo?"

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni màmá mi fẹ́ bàbá Kékeré. Bí ẹni yìí kò bá kú, ta ni yóò bí Kékeré?

"Mọ́mì, ẹ ti gbólóhùn yín."

Bàbá mi wò mí, kò bínú. "Ẹ jẹ́ kí n mu tíì yìí tán," ló wí jẹ́jẹ́.

Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń mu ún ni ojú Kékeré ń parẹ́ lọ́kàn mi. Mo gbàgbé eyín rẹ̀ tó ká. Mo gbàgbé ẹ̀rín rẹ̀. Mo sáré sọ èyí tó ṣẹ́kù sétí màmá mi: "Orí itan yín ló máa ń gbé ẹsẹ̀ lé tó bá ń sùn."

Màmá mi fọwọ́ kan itan rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ló wí. Ohùn náà kò ju èémí lọ.

Àga ṣófo. Ẹnìkan ń fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fi ife mi mu tíì?"

Bàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbẹ rí. Nígbà mìíràn màmá mi á dúró tì í, á ní, "Ká ní…" Níbi yòówù kí Kékeré wà nínú ilé, á sáré wá di ẹ̀wù mi mú.